Nígbà Tí Orúnkún Bá Ń Ró Lẹ́nu Eré Ìdárayá

Ìbéèrè tí a ó dáhùn lóṣù yìí wá láti ọ̀dọ̀ arábìnrin kan tó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Dókítà ló ní kí ó máa ṣe eré ìdárayá tó ń fún iṣan lágbára, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ní. Ó sì bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́: ó ń jókòó sórí àga, ó ń dìde, ó ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi kékeré lọ́wọ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ dìde ni orúnkún rẹ̀ ń ró kẹ́kẹ́kẹ́, èjìká rẹ̀ náà sì ń dún pá. Kò dùn ún o. Ariwo yẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù. Aládùúgbò kan ní egungun rẹ̀ ti gbó tán, òmíràn ní ọfà ayé ni wọ́n ta sí i. Bí ó ṣe dá eré ìdárayá náà dúró pátápátá nìyẹn. Ó ń béèrè bóyá ohun tí òun ṣe tọ̀nà.

Kò tọ̀nà, arábìnrin wa. Ẹ padà sẹ́nu eré ìdárayá yín. Oríkèé tó ń ró, tí kò dunni, tí kò wú, tí kò há, kì í ṣe àìsàn, kò sì sí ẹni tó ta yín lọ́fà. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ nígbà tí gbogbo ìjọ bá ń dìde lórí ìkúnlẹ̀ nínú ìpàdé àdúrà. Kí wọ́n tó gbé orin, ẹ ó gbọ́ bí orúnkún ṣe ń ró lọ́tùn-ún lósì, ti pásítọ̀ pàápàá kò gbẹ́yìn. Nínú ìran tí a kà nínú Ìwé Esekíẹ́lì orí 37, ariwo wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn egungun gbígbẹ ń padà bọ̀ sípò wọn. Mi ò sọ pé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni wòlíì náà ń kọ́ wa, àmọ́ ariwo egungun ọjọ́ náà kì í ṣe ariwo ikú.

Kí ló wá ń ró? Ó ju ohun kan ṣoṣo lọ. Ẹ wo itan adìyẹ tí ẹ bá ń jẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Lórí egungun náà, níbi tó ti pàdé èkejì rẹ̀, ẹ ó rí ohun funfun kan tó ń dán, tó rọ̀ ju egungun lọ, tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti máa rún jẹ. Àwa náà ní irú rẹ̀. Omi kan tó ń yọ̀ bíi funfun inú ẹyin wà láàárín, òun ni kì í jẹ́ kí egungun méjèèjì máa ha ara wọn. Afẹ́fẹ́ sì wà nínú omi yìí, bó ṣe wà nínú ìgò mínírà tí a kò tíì ṣí. Bí a bá na oríkèé náà lójijì, àyè kan á ṣí sílẹ̀ nínú omi yẹn, afẹ́fẹ́ á kóra jọ síbẹ̀, a ó sì gbọ́ pá!

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1947, àwọn kan ní London sọ pé ìgbà tí àyè náà ń ṣí ni ariwo ń jáde. Ní 1971, àwọn mìíràn ní Leeds ní rárá, pé ìgbà tí ìfófòó afẹ́fẹ́ náà bá bẹ́ ni. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà fi ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú ara wo ìka ọwọ́ bí wọ́n ṣe ń fà á, ohun tí wọ́n rí sì gbe àwọn ará London lẹ́yìn. Bí ìka bá ti dún báyìí, ó máa ń tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ó tó lè dún padà. Ẹ dán an wò nílé.

Ti èjìká lè yàtọ̀. Níbẹ̀, okùn tó so iṣan mọ́ egungun lè yọ̀ kọjá lórí egungun tó yọrí, á sì ta pá bí okùn tó fò kúrò lórí èèkàn. Èyí tó máa ń ró bí ìgbà tí ènìyàn ń tẹ iyanrìn, ti orúnkún nìyẹn jù lọ, lábẹ́ egungun pẹlẹbẹ tó bo iwájú rẹ̀.

Dókítà kan wà ní Kalifóníà tó ń jẹ́ Donald Unger. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ àti àwọn àǹtí rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé bó bá ń fa ìka kí ó lè dún, làkúrègbé ni yóò gbà á. Kí ni ọkùnrin yìí ṣe? Àádọ́ta ọdún ló fi ń fa ìka ọwọ́ òsì nìkan, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kò sì fa ti ọ̀tún. Ní 1998 ó kọ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé àwọn oníṣègùn: kò sí làkúrègbé ní ọwọ́ kankan. Òótọ́ ni pé ẹ̀rí ẹnìkan ṣoṣo kò tó láti fi dá ẹjọ́, àwa onígbàgbọ́ mọ èyí dáadáa. Síbẹ̀, ọkùnrin náà ní sùúrù.

Ọ̀rọ̀ orúnkún àgbàlagbà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018, lórí nǹkan bí 3,500 ènìyàn ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé àwọn tí orúnkún wọn ń ró nígbà gbogbo ni àrùn oríkèé tó ń dunni sábà máa ń mú lẹ́yìn náà, ju àwọn tí tiwọn kì í ró lọ. Ṣé kí ènìyàn wá jókòó? Jíjókòó ló ń mú un burú sí i. Bí iṣan itan bá rọ, orúnkún nìkan ni yóò máa ru ẹrù ara. Kódà ẹni tí àrùn náà ti mú, eré ìdárayá wà lára ohun tí dókítà máa kọ́kọ́ ní kí ó ṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé kí àgbàlagbà máa ṣe eyí tó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì ó kéré tán lọ́sẹ̀.

Nítorí náà, arábìnrin, ẹ kọ́kọ́ rìn yí ká àgbàlá fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ara lè gbóná. Ẹ lo àga tó ga díẹ̀. Ẹ máa jókòó díẹ̀díẹ̀, ẹ má ṣe já ara yín sílẹ̀, kí orúnkún sì kọjú síbi tí ìka ẹsẹ̀ kọjú sí. Ẹ má sé èémí, pàápàá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru yín: ẹ máa mí jáde bí ẹ ti ń dìde. Kẹ́ẹ̀gì onílítà márùn-ún tó kún wúwo tó kílò márùn-ún, ẹ bù ú dé ìdajì ná. Bí orúnkún bá wú lọ́jọ́ kejì, ohun tí ẹ ṣe ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé irin, mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan nínú ìjọ ń wò yín bí ọmọ ìta. Irin yìí kan náà ni Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀ gbé tó fi gba wúrà fún Nàìjíríà ní ìdíje Paralympics ti Tokyo, tó wáyé ní 2021, àti ti Paris ní 2024. Ẹ má kàn fi ìdíje bá ọ̀rẹ́ gbé ohun tó ju agbára yín lọ. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ SS, tí ìbàdí ń dùn ún, kí ó rí dókítà kí ó tó fọwọ́ kan irin rárá.

Àwọn àmì kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré: oríkèé tó ń ró tó sì ń dunni, tó wú, tó há tí kò ṣe é nà, tàbí tó ń yẹ̀ lábẹ́ ènìyàn. Bí ẹ bá gbọ́ pá lẹ́ẹ̀kan náà, tí ibẹ̀ sì wú, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà. Oríkèé tó gbóná tí ibà sì bá a rìn kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì. A ó gbàdúrà, a ó sì wọkọ̀ lọ. Ẹ má ṣe máa ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri nínú bọ́ọ̀sì, torí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ń dá ọgbẹ́ sí ikùn, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru ga sí i. Bí ẹ bá dé iwájú dókítà, ẹ sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó ró, àti gbogbo oògùn tí ẹ ti lò, títí kan àgbo.