Ìwọ̀fà Nítorí Fíríìjì



Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń gbé wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ka wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí kì í ṣe ti ọ̀gá tí ó ń búni nìkan mọ́. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni. Bí a bá sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi owó ọ̀hún ṣe, a máa ń rò pé wọn yóò sọ pé òkú ni àwọn fi sin tàbí pé ilé ìwé ọmọ ni. Púpọ̀ nínú wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Fíríìjì ló bàjẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ló dákẹ́. Fáànù ni kò yí mọ́ nínú yàrá kan ṣoṣo tí tọkọtaya àti ọmọ mẹ́rin ń sùn sí.

Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí rẹ́rìn-ín. Olówó ló lè pe fíríìjì ní ohun fàájì. Nínú ilé òṣìṣẹ́, inú rẹ̀ ni ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan wà, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni àyè wà láti lọ sí ọjà Mile 12. Inú rẹ̀ náà ni omi tútù àti sóbò tí ìyá àwọn ọmọ ń tà lẹ́nu ọ̀nà wà, èrè ibẹ̀ sì ni búrẹ́dì àárọ̀. Bí fíríìjì bá wá bàjẹ́ ní ọjọ́ kejìlá oṣù, owó oṣù tó kọjá ti tán, èyí tó ń bọ̀ kò tíì dé.

Ìgbà yẹn gan-an ni fóònù máa ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí ẹ tẹ ibí, kí ẹ tẹ ọ̀hún, owó yóò wọlé kí ẹ tó mu omi tán. Àwọn mìíràn kò bá ti fóònù lọ, ọ̀dọ̀ àwọn tí gbogbo Èkó ń pè ní gbọ́mù-lé-lántẹ̀ ni wọ́n ń lọ, tí wọ́n ń san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn bàbá wa mọ irú wọn dáadáa. Ṣọ́gundógójì ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ẹni tí ó gba ogún ni yóò san ogójì. Orúkọ ti yí padà, ogójì náà kò yí padà.

Ẹ gbé bírò, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ẹnì kan yá ₦120,000 láti ra fíríìjì, ó fẹ́ san án fún oṣù mẹ́fà. Ayánilówó ní èlé òun kò ju kọ́bọ̀ márùn-ún lórí náírà kan lóṣù. Ó dùn ún gbọ́. Èlé oṣù kan jẹ́ ₦6,000, ti oṣù mẹ́fà jẹ́ ₦36,000, owó tí yóò máa san lóṣooṣù sì jẹ́ ₦26,000. Ṣùgbọ́n ẹ wo oṣù kẹfà. Ní ìgbà náà, ó ti dá ₦100,000 padà nínú ojú owó, ₦20,000 péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ₦6,000 náà ni èlé oṣù yẹn. Ọgbọ̀n kọ́bọ̀ lórí náírà kan nìyẹn, kì í ṣe kọ́bọ̀ márùn-ún! Orí gbogbo owó àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ka èlé sí, bí ẹni pé ẹ kò tíì dá kọ́bọ̀ padà. Àwọn mìíràn tún máa ń yọ owó ìwé kúrò lókè, kí ẹ tó fọwọ́ kan án. Wọn yóò kọ ₦50,000 sílẹ̀, ₦42,000 ni yóò wọlé, ẹ ó sì san èlé lórí owó tí ẹ kò gbà.

Owó oṣù tó kéré jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí di ₦70,000 ní oṣù keje ọdún 2024. Ẹ yọ ₦26,000 nínú rẹ̀, kí ẹ sọ fún wa bí ẹnì kan yóò ṣe fi èyí tó kù san owó ilé, wọ dánfó, kí ó sì bọ́ ọmọ.

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá jẹ gbèsè a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Gbogbo iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ṣe lóko olówó, èlé ni. Ojú owó kò dín kù. Bí ó ro oko fún ọdún mẹ́wàá, gbèsè náà dúró síbi tó wà lọ́jọ́ tí wọ́n dá a. Síbẹ̀, ìwọ̀fà ìgbà náà ní wákàtí tirẹ̀ lóòjọ́ tí ó fi ń ro oko ara rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó ń ṣe ófátáìmù ní Sátidé àti Sọ́ńdè kí èlé lè kúrò, tí ó sì tún yáwó lọ́dọ̀ ẹlòmíràn kí ó lè san ti ẹni àkọ́kọ́, kí ni ká pe ìyẹn?

Ìtìjú tún wà ńbẹ̀. A ti rí àwọn tí ayánilówó orí fóònù fi àtẹ̀jíṣẹ́ èébú ránṣẹ́ sí fórémánù wọn, àti sí àna wọn pẹ̀lú. Kí ẹ mọ̀ pé èyí kò bófin mu. Láti ọdún 2022 ni ìjọba ti ní kí irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FCCPC, wọ́n sì tún gbé òfin tuntun jáde ní ọdún 2025. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí, kí ó má pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́. Kí ó gbé e wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ka, a ó bá a kọ ìwé.

Ó dáa, fíríìjì ti bàjẹ́, kí ni ká ṣe? Ká kọ́kọ́ mọ ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀. A bi àwọn ará wa tó wà ní ẹ̀ka àtúnṣe ẹ̀rọ nílé iṣẹ́, ohun tí wọ́n sọ fún wa sì yẹ kí gbogbo ilé gbọ́.

Bí fíríìjì bá ń dún tọ̀sán tòru tí kò sì tutù tó, ẹ fi owó bébà kan há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ tì í. Bí bébà náà bá yọ́ jáde láìjà, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ló ti dẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ dáadáa. Ó lè tún dì mú. Bí kò bá dì mú, rọ́bà lẹ ó rà, ẹ kò ní ra fíríìjì. Ẹ yọ iná rẹ̀, kí ẹ gbá eruku kúrò lára àwọn páìpù ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì fà á kúrò lára ògiri kí ooru lè ráyè jáde. Bí ó bá ń ta kọ́, tí ó dákẹ́, tí ó tún ta kọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yára sọ pé kọ̀mpírẹ́sọ̀ ti kú. Ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní rìlé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ní kí ó kọ́kọ́ fi rìlé mìíràn dán an wò.

Ọ̀rọ̀ gáàsì ni wọ́n fi ń jẹ wá jù. Gáàsì fíríìjì kì í tán bí epo ṣe ń tán nínú jẹnẹrétọ̀. Bí ó bá tán, ó jò ni. Ẹni tí ó bá fa gáàsì tuntun sí i láìwá ibi tó ń jò ti mọ̀ pé ẹ ó tún pe òun. Bí ẹ bá sì rí R600a lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fíríìjì, gáàsì tó ń gbiná ni. Kí ẹnikẹ́ni má mú iná jíjó sún mọ́ ọn bí kò bá mọ iṣẹ́ náà dájú.

Fáànù tí kì í yí àfi bí ẹ bá fi igi tì í, kapásítọ̀ rẹ̀ ló sábà máa ń kú, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó fáànù tuntun. Áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná, ẹ wo okùn rẹ̀ níbi tó ti wọ ara; ibẹ̀ ló ti máa ń já sínú. Jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ wo pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀, kí ẹ sì da epo tó ti pẹ́ nù. (Níwọ̀n bí a ti dárúkọ rẹ̀: ẹ má tàn án sínú kọ́ríídọ̀. Èéfín rẹ̀ ń pa gbogbo ilé mọ́jú.)

Ẹ jọ̀wọ́, bí Nẹ́pà bá mú iná dé, ẹ mú sùúrù ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó tan fíríìjì. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀, àti iná tó rẹlẹ̀ jù, ni ọ̀tá kọ̀mpírẹ́sọ̀.

Ẹni tí kò bá rí owó àtúnṣe lóṣù yìí, kí ó máa se ọbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ó yan ẹja. Àmù tí àwọn ìyá wa ń lò kò tíì gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ kan láti òkè Ọya, Mohammed Bah Abba, gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000 nítorí pé ó ki ìkòkò kan bọ inú òmíràn, ó fi iyanrìn tútù sáàárín wọn, ó sì fi aṣọ tútù bò ó. Tòmátò àti ẹ̀fọ́ pẹ́ nínú rẹ̀. Ní Èkó níhìn-ín tí ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, àfi nígbà ọyẹ́. Ẹ má kó ẹran tútù sí i.

Àwọn kan yóò ní kí a máa dá èsúsú. Òótọ́ ni, èsúsú dára. Àwọn èèyàn wa gbé e kọjá òkun dé Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n èsúsú ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí ó bá di oṣù kẹsàn-án kí ó tó kàn yín, tí fíríìjì sì bàjẹ́ ní oṣù kejì, ẹ ó tún fojú sí fóònù.

Ohun tí ẹ̀ka yìí fẹ́ nìyí, ó sì ń bọ̀ níwájú yín ní ìpàdé gbogbogbò. Ká dá àpò àtúnṣe sílẹ̀. Bí ọgọ́ta ọmọ ẹgbẹ́ bá ń dá ₦1,000 lóṣù, ₦60,000 ni. Ó lè tún ẹ̀rọ ilé méjì ṣe lóṣù, ní ₦30,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá jẹ àǹfààní rẹ̀ yóò dá a padà láàárín oṣù mẹ́ta láìsí èlé. A kò ní fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ní Aláàbà ni a ó san án fún, a ó sì gba rìsíìtì. Ta ni yóò tọ́jú owó? Ìbéèrè gidi ni, a kò sì bínú sí ẹni tó ń bi í. Àwọn mẹ́ta tí kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀ ni kí ẹ yàn, kí obìnrin wà nínú wọn, kí wọ́n sì máa lẹ ìṣirò mọ́ ara pátákó lóṣooṣù.

Ní ti ilé iṣẹ́, a ti kọ̀wé pé kí wọ́n máa san lára owó oṣù ṣáájú fún ẹni tí ìṣòro bá dé bá. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti gba èlé lórí irú owó bẹ́ẹ̀. Òfin kan náà ló sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ nínú owó oṣù kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ẹni tí wọ́n bá ń yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó mú ìwé owó oṣù rẹ̀ wá. A kò sì gbàgbé pé owó oṣù fúnra rẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀. Àpò àtúnṣe kò dí ẹnu wa lórí ìyẹn, a ó bá ilé iṣẹ́ jókòó lórí rẹ̀ bí a ti ń ṣe.

Àwọn iléktríṣíàn àti fítà márùn-ún ti gbà láti máa wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ka ní Sátidé kejì oṣù kọ̀ọ̀kan láti yẹ ẹ̀rọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Awakọ̀ wa kan ní òun yóò máa bá àwọn tí fíríìjì wọn tóbi gbé e wá. Mítà kan ṣoṣo ni a ní báyìí. Ẹni tó bá ní irin ìjó, púláyà tàbí sukurudíráfà tí kò lò, kí ó gbé e wá fún akọ̀wé kí ó tó di ọjọ́ ìpàdé.