Ṣé GSX-R750 Ṣì Lè Bá Ẹgbẹ́ Pé?

Ọdún 1985 ni Suzuki kọ́kọ́ gbé GSX-R750 jáde. Láti 2011 tí wọ́n ti tún un ṣe gbẹ̀yìn, ọ̀dà ara rẹ̀ nìkan la fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé ó ń yí padà. Honda, Yamaha àti Kawasaki ti fi alùpùpù eré ìje 750 sílẹ̀ tipẹ́, ni bàbá arúgbó yìí ṣe dá nìkan wà.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò tíì darúgbó ní tiẹ̀. Ó ń lọ sí 150 horsepower, ìwọ̀n gbogbo alùpùpù náà ò sì ju nǹkan bí 190 kìlógíráàmù lọ. Yamaha R7 tó dé ní 2021 ò ní ju nǹkan bí ìdajì agbára yẹn lọ. Aprilia RS 660 ń kọ́? 100 péré. Bó bá jẹ́ ti eré sísá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa wà.

Àmọ́ ẹ wo bíréèkì. Brembo ni, ojúlówó. Kò sì sí ABS níbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, tí ẹni tó gùn ún fa bíréèkì pẹ̀lú ìpayà, táyà iwájú lè há, kó má yí mọ́, kó kàn máa yọ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà RS 660 ò ní jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún un.

Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ á ní ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn ni ABS wà. A ò gbà. Ọ̀gá nínú gígùn pàápàá ò lè mọ ibi tí epo dà sí lẹ́yìn kọ́nà. Kí wọ́n máa fi sáré ní pápá ìdíje. Ti ojú títì, a ò ní gba ọ̀rẹ́ wa kankan níyànjú pé kó ra tuntun rẹ̀.