Ọ̀rọ̀ Òní: Òṣùwọ̀n

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ó yẹ̀ wò lónìí ni wọ̀n. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ohùn òkè lé e ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn: wọ́n, èyíinì ni pé nǹkan ṣọ̀wọ́n tàbí pé owó rẹ̀ ga. Láti ara wọ̀n ni a ti rí ìwọ̀n. Òun náà ni a sì ń gbọ́ nínú òṣùwọ̀n, ohun tí a fi ń wọn nǹkan.

Òṣùwọ̀n kan wà ní Harpurhey, ní àríwá Manchester, tí kì í ṣe ti ọjà: máàkì agbábọ́ọ̀lù. Pápá Manchester City kò jìnnà síbẹ̀. Bí ìdíje bá ti parí, Manchester Evening News a fún olúkúlùkù eléré ní máàkì nínú 10. Èyí kò ṣàjèjì sí àwa ará Bùràsíìlì: láti 1970 ni ìwé ìròyìn Placar ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú máàkì bẹ́ẹ̀ yan àwọn tí yóò gba Bola de Prata. Nísinsìnyí, kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ti di adájọ́. Sofascore àti WhoScored a ka bọ́ọ̀lù tí eléré fún ẹnìkejì rẹ̀, èyí tí ó gbà lẹ́sẹ̀ alátakò àti èyí tí ó gbá sí góòlù, wọn a sì sọ gbogbo rẹ̀ di nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tí ó dúró síbi tí ó yẹ, tí alátakò kò fi rí ọ̀nà gbà, kí ni a ó kà fún un?

Ojú ènìyàn ní àléébù tirẹ̀. Ní 2020, RunRepeat gbé gbólóhùn 2,073 yẹ̀ wò, èyí tí àwọn asọ̀ròyìn eléde Gẹ̀ẹ́sì sọ nípa àwọn eléré nínú ìdíje 80. Bí ó bá di ti ọgbọ́n, aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń yìn jù. Bí ó bá di ti agbára àti eré sísá, aláwọ̀ dúdú ni. A fi orí fún àwọn kan, a fi ẹsẹ̀ fún àwọn yòókù.

Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje, 1950, Uruguay fi 2 sí 1 borí wa ní Maracanã. Ènìyàn 11 ni ó gbá bọ́ọ̀lù náà fún wa, ṣùgbọ́n orí Moacir Barbosa, gólì wa, ọmọ aláwọ̀ dúdú, ni ẹ̀bi náà wọ̀ jù, títí ó fi kú ní 2000.

Àwọn àgbà ní, agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn náà ni wọ́n fún wa ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ọ̀rọ̀ tí ó gbé wọ̀n méjì pọ̀: a wọ̀n, a sì tún wọ̀n. Nígbà tí ẹ bá tún rí máàkì 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ kan, ẹ béèrè pé: ta ni ó wọ̀n ọ́n? Kí ni ó fi wọ̀n ọ́n? Ṣé ó tún un wọ̀n?