Ọkọ̀ Baba Nínú Àgbàlá: Ta Ni Yóò Gbé E Dìde?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Nínú agboolé mìíràn ní Ìsọlọ̀ àti ní agbègbè Òṣòdì, ohun kan wà nílẹ̀ tí ó jẹ́ ìtàn àti àrọ́bá pọ̀: ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tí baba ilé rà, tí ó ti dúró sójú kan láti ìgbà tí baba ti fi ilẹ̀ bora. Táyà rẹ̀ ti rì mọ́lẹ̀, adìẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀, àwọn obìnrin ilé sì ń sá aṣọ sí i lẹ́yìn.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe ohun yẹ̀yẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ tí ń to ọkọ̀ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí píkọ́ọ̀pù 504 sì jáde ní 1979, kò pẹ́ tí ó fi di ààyò oníṣòwò àti àgbẹ̀. Òun ni ó ń kó ẹrù bọ̀ láti oko àti ọjà. Òun ni ó ń kó ẹbí lọ síbi ìgbéyàwó tìlù tìfọn, òun náà ni ó ń gbé òkú àgbà lọ sílé. Owó tí ó pa ni a fi rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ kan bá dìde nínú ilé tí ó ní òun fẹ́ kí ọkọ̀ baba tún rìn, ohun tí ó fẹ́ jí kọjá irin.

Àmọ́ ṣá, ẹ́ńjìnnì kọ́ ni ó dá ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró. Ogún tí ẹbí kò yanjú ni. Ewúrẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá jọ ni, ebi ní í sábà pa á.

Ìlànà Yorùbá lórí ogún kò fara sin. Nínú ẹjọ́ lórí ogún Suberu Dawodu ti Èkó, ẹni tí ó fi ọmọ mẹ́sàn-án láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin sáyé lọ, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Ìjọba Àpapọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1958 pé ìdí-igi ni àṣà, àti pé bí ìjà bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, olórí ẹbí lè pín in ní orí-ò-jorí. Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní 1962. Ilé ṣe é pín ní yàrá yàrá. Ilẹ̀ ṣe é pín ní púlọ́ọ̀tì. Ta ni yóò pín píkọ́ọ̀pù? Ṣé ìdí kan ni yóò kó ẹ́ńjìnnì, kí ìdí kejì kó táyà? Ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ ni a ń rí: kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ìdí kan, ìwé ọkọ̀ wà lọ́wọ́ ìdí kejì, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wà lójú fèrèsé ìdí kẹta, òjò sì ń pa á.

Ẹni méjì ni ó jẹ̀bi níhìn-ín. Èkíní ni àgbà tí ó ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohun baba, tí kò sì ná kọ́bọ̀ lé e lórí. Ìbọ̀wọ̀ fún òkú kọ́ ni èyí. Ìpata ni ó ń jẹ ogún náà lójú rẹ̀. Èkejì ni ọ̀dọ́ tí ó yọ́ mú mẹkáníìkì wá, tí ó tún ọkọ̀ ṣe tán, tí ó wá ní òun ni ó ni ín. Owó tí ènìyàn fi tún ohun ẹbí ṣe lè jẹ́ gbèsè tí ẹbí jẹ ẹ́. Kò sọ ohun ẹbí di tirẹ̀.

Kí a tó pe mẹkáníìkì, ẹbí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ pè. Kí olórí ẹbí pe àṣojú ìdí kọ̀ọ̀kan jọ. Kí wọ́n fẹnu kò lórí ẹni tí yóò náwó, bí owó náà yóò ṣe padà, ẹni tí yóò máa wà á, àti ibi tí èrè yóò gbà. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Orúkọ olóògbé ni ó sábà máa ń wà nínú ìwé ọkọ̀ síbẹ̀. Ìyẹn pẹ̀lú gbọ́dọ̀ bá òfin mu kí ọkọ̀ tó dé títì.

Lẹ́yìn èyí ni sùúrù iṣẹ́ ọwọ́ wá kàn. Ẹni tí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ pípẹ́ kì í fi òkèlè iyán ńlá ṣínu. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí a ra bátìrì tuntun kí a sì ṣáná sí ọkọ̀ tí ó ti sùn lọ́dún púpọ̀. Epo bẹntiróòlù tí ó pẹ́ nínú táńkì a máa dì bí oje igi, a sì dí kábúrétọ̀. Kí a fà á dànù. Kí a yọ pílọ́ọ̀gì, kí a kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ó sùn mọ́jú, kí a tó rọra fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́. Kí a yẹ wáyà wò, nítorí eku. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a tún bíréèkì ṣe, kí a sì pààrọ̀ táyà. Ọkọ̀ tí ó kú sílẹ̀ kì í sáré pa ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó jí tí kò ní bíréèkì ni ó ń pa ènìyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí Ògún mọ̀ sí i, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ gba àdúrà mọ́ṣáláṣí tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó gbà á. Kò sí ètùtù tí ó lè dípò bíréèkì.

Ọjà Ládípọ̀ ní Múṣín kò jìnnà fún ẹni tí ń wá ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ojúlówó wà níbẹ̀, ayédèrú náà sì wà. Kí ọ̀dọ́ mú àgbà mẹkáníìkì tí Peugeot mọ́ lọ́wọ́ dání, kí ó sì mú ògbólógbòó ẹ̀yà náà lọ fún àfiwé. Lójú ọ̀nà yìí ni yóò ti kọ́ ohun tí baba rẹ̀ mọ̀.

Àwọn kan yóò ní owó àtúnṣe lè ju iye tí ọkọ̀ náà tó lọ. Òtítọ́ ni. Bí irin ìsàlẹ̀ bá ti jẹrà, kí ẹbí ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí baba kọ sára rẹ̀, kí wọ́n tà á fún àwọn tí ń ra àlòkù irin, kí wọ́n sì pín owó náà bí àṣà ti wí. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ àbùkù ni kí a dákẹ́ títí ìpata yóò fi bá ẹbí ṣe ìpinnu.

Ògún ni ó ni irin, ẹbí ni ó ni ogún. Bí ẹbí bá jókòó sọ òótọ́ fún ara wọn, ọkọ̀ baba lè tún kọjá lójú títì Òṣòdì. Bí kò bá sì kọjá, àwọn ọmọ baba yóò ṣì lè jọ rìn.