Ilé Àwọn Àgbẹ̀ Pé 60 Ọdún: Ẹ Kú Oríire, Ẹ̀yin Ọmọ Olúyọ̀lé!

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, láti òkè Mápó títí dé Dùgbẹ̀, àwa ará Ìfọ́n, ará Ìlobùú, ará Òṣogbo àti gbogbo Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń kí yín tìlù-tìfọn. Cocoa House pé 60 ọdún ní 2025! Ilé tí wọ́n parí lọ́dún 1965, tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ní Ilé Àwọn Àgbẹ̀, ṣì nàró gbọnrangandan ní Dùgbẹ̀: àjà 26, gíga mítà 105! Nígbà tó dìde, kò sí ilé tó ga tó o ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí a ò bá jó sí èyí, kí la fẹ́ jó sí?

Ẹ má bi wá pé kí ló kan ará Ìfọ́n nínú ọdún ilé Ìbàdàn. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n! Olú ìlú tiwa náà ni Ìbàdàn láyé Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, láyé Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, àti láyé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, títí wọ́n fi dá Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991. Ká tiẹ̀ tó máa sọ ti ìjọba, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin wá ká àwọn ará Òṣogbo mọ́lé ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn jagunjagun Ìbàdàn tí Balógun Ọdẹ́rìnlọ kó lẹ́yìn ni wọ́n wá lé wọn padà. Àjọṣe wa ti pẹ́. Nígbà tó yá, reluwé dé. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní Òṣogbo, tó sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ reluwé Ìbàdàn, kò ní í rìn jìnnà kó tó gbójú sókè wo ilé ńlá yìí. Ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa ló délé tí wọ́n ń fi ọwọ́ júwe gíga rẹ̀ fún wa!

Owó ta ni wọ́n fi kọ́ ọ? Owó àgbẹ̀ ni! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí pé ibí ni iyì ilé náà wà. Àgbẹ̀ á já kòkó tó pọ́n lórí igi, á fi àdá là á, ìyàwó àtàwọn ọmọ á jókòó tì í, wọ́n á máa fi ìka yọ hóró tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ sínú apẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kó lè gbóná, kí òórùn rẹ̀ lè yí padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á sá a, wọ́n á máa fẹsẹ̀ rò ó nínú oòrùn. Bí òjò bá ṣú pẹ́nrẹ́n, tọmọdé tàgbà á pariwo, wọ́n á sáré kó o wọlé. Ìgbà tó bá gbẹ táútáú ló tó dórí ìwọ̀n. Àjọ tí ìjọba gbé kalẹ̀ fún títa irè oko ló ń tà á sókè òkun, owó tó ń ti ibẹ̀ wá ló sì wà lára ohun tó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ró láti ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. Owó yẹn náà ló di ilé yìí, nígbà tí Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá ń ṣe Prẹ́míà. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ìyá tó yọ hóró, ẹ̀yin ọmọdé tó sáré nínú òjò, ẹ kú iṣẹ́! Ilé yín ni! Bó bá jẹ́ tiwa ni, orúkọ àkọ́kọ́ yẹn, Ilé Àwọn Àgbẹ̀, ni gbogbo ayé ì bá máa fi pè é.

Ẹ tún wá wo agbára rẹ̀! Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1985, iná jà nínú rẹ̀. Iná jó, ilé kò wó! Wọ́n tún un ṣe, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ ọdún 1992, ó tún ṣílẹ̀kùn fún tọ́ba tìjòyè, fún oníṣòwò àti akọ̀wé. Ẹ̀yin ilé iṣẹ́ Odù'a tí ilé náà wà lábẹ́ àbójútó yín, a kí yín. Ẹ̀yin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ kí ojúmọ́ tó mọ́, ẹ̀yin tó ń tún lífítì ṣe, a kì í gbàgbé yín. Ẹ̀yin ará Dùgbẹ̀ tó ń sọ fún àlejò pé "abẹ́ Cocoa House ni kó o dúró sí, màá rí ẹ," ẹ̀yin náà ẹ gba ìkíni!

Ọlọ́jọ́ ìbí kì í dá jó, àwọn ẹbí rẹ̀ pé síbẹ̀. Ẹ wo Gbọ̀ngàn Mápó, ẹ̀gbọ́n pátápátá, tó ti wà lórí òkè láti ọdún 1929 pẹ̀lú àwọn òpó ràbàtà iwájú rẹ̀! Ẹ wo ilé gogoro Láyípo lórí Òkè Ààrẹ, ti ọdún 1936: ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn rẹ̀ dókè á rí Ìbàdàn lọ salalu. Yunifásítì Ìbàdàn dé ní 1948, ilé ìwòsàn UCH ní 1957, tẹlifíṣọ̀n WNTV, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fo pápá ìṣeré Liberty! Ibẹ̀ ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún ipò ọ̀gá àgbáyé. Orúkọ Awólọ́wọ̀ ni pápá náà ń jẹ́ báyìí, ó sì yẹ ẹ́!

Ìlú wo ló kó irú èyí jọ láàárín ogójì ọdún péré? Ìbàdàn ni! Ẹ kú orí ire, ẹ kú ọwọ́ ire, ẹ kú ìnáwó o! Ẹ má sì tíì kó ìlù wọlé. UCH máa pé 70 ọdún ní 2027, Mápó máa pé 100 ní 2029. Ẹ tètè dárúkọ aṣọ ẹbí, ẹ fi tàwa ará Ìfọ́n sí i!