Ilẹ̀ Ìjọ, Ilé Ìjọba

Ta ló ni ilẹ̀ abẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn ìjọ láyé ọjọ́un? Ní Esie-Iludun Anglican Grammar School ní ìpínlẹ̀ Kwara, orúkọ Áńgílíkà ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìjọba ní Ìlọrin ni owó oṣù olùkọ́ ti ń wá. Ìjà lórí bóyá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí lè wọ híjáàbù nírú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, èyí tó ti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá pa ní Ìlọrin ní 2021, ọ̀rọ̀ ta-ló-ni-ín ló wà nídìí rẹ̀. Ìjọ ní àwọn kò ta nǹkan kan. Ìjọba ní Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti dá òun láre ní 2019. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 sì ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà.

Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ mọ̀lẹ́bí tó yọ̀ǹda ilẹ̀ fún ìjọ. Ní Ìgbómìnà wa, ẹnu lásán ni wọ́n fi yọ̀ǹda ọ̀pọ̀ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, pèrègún sì ni ààlà. (Pèrègún kì í purọ́, àmọ́ katakata kò mọ̀ ọ́n.) Lójú tiwa, sísan owó olùkọ́ kò sọni di onílẹ̀. Kí ìjọba Kwara pe ìjọ àti mọ̀lẹ́bí jókòó, kí wọ́n wọn ilẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí àwọn àgbà tó mọ ààlà ṣì wà láyé.