Ẹ wo ìbéèrè kí ẹ tó ra ẹ̀rọ tuntun

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jọ ti àwọn oníkọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró níwájú ọ́fíìsì láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn án lórí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni. "Ẹ̀rọ ń falẹ̀, ẹ padà wá lọ́la." Ìyá tó gun zémidjan láti Banigbé wá nítorí ìwé ìbí tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi ṣe ìdánwò CEP, ta ni yóò san owó ọ̀la fún un?

Lójú tiwa, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ kọ́ ló ń falẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi í ni kò dára.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n kọ orúkọ gbogbo ará Benin sínú ìwé ńlá kan, bí kálukú ṣe ń dé ni wọ́n ń kọ ọ́. Ìkànìyàn ọdún 2013 ka èèyàn 10,008,749. Bí ìwé yẹn kò bá ní atọ́ka, ẹni tó ń wá orúkọ kan yóò kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí a bá to orúkọ ní a-b-d, á ṣí àárín, á ju ìdajì tí kò kàn án nù, á tún ṣí àárín èyí tó kù. Kò ní ṣe é ju ìgbà 24 lọ tí yóò fi kan orúkọ náà. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ dátábéèsì ń pè ní índẹ́ẹ̀sì nìyẹn. (Inú ẹ̀rọ tiẹ̀ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ojú-ewé kan ń gba orúkọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.)

Ibi tí wàhálà tiwa ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Adéṣínà tó wà ní Ìdí-Ìrókò ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Adeshina tàbí Adesina. Ọmọ ìyá rẹ̀ tó wà ní Ìgólò ń kọ Adéchina. Ajíbádé lọ́hùn-ún ni Ajibade, níhìn-ín ó di Adjibadé. Láti ìgbà tí òfin 2017-08 ti jáde, tí RAVIP sì wá kọ orúkọ wa sílẹ̀, ohun tí akọ̀wé bá tẹ̀ lọ́jọ́ náà ni orúkọ wa níwájú ìjọba. Akọ̀wé ọ́fíìsì tí kò mọ èwo ni wọ́n tẹ̀ á wá fi àmì % síwájú àti sẹ́yìn, á kọ "%ina%" sí àárín. Bó ṣe ṣe bẹ́ẹ̀, atọ́ka di aláìwúlò, nítorí ẹni tí kò mọ lẹ́tà tí orúkọ fi bẹ̀rẹ̀ kò lè lo ìwé tí a tò ní a-b-d. Ẹ̀rọ á tún padà sí kíkà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí akọ̀wé mẹ́wàá bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, sáfà tuntun wo ló fẹ́ gbà wá?

Àwọn kan á ní ká lo Soundex. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gba ìwé-àṣẹ rẹ̀ ní 1918, ó ń kó orúkọ tí ìró wọn jọra pọ̀. Ó mọ̀ pé Adeshina àti Adechina jẹ́ ọ̀kan, A325 ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n Ajibade jẹ́ A213, Adjibade jẹ́ A321. Ó sọ ọmọ ìyá méjì di àjèjì! Orúkọ tó bá sì fi Sh bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún kò lè bá èyí tó fi Ch bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín pàdé láéláé.

Ohun tí a fẹ́ kò le. Ẹ fi orúkọ onílé sílẹ̀ bó ṣe kọ ọ́, kí ẹ wá ṣí òpó kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ẹ̀rọ nìkan: ẹ yọ àmì orí rẹ̀ kúrò, kí "dj" di j, "ou" di u, "ch", "sh" àti ṣ di s. Òpó yìí ni kí ẹ ṣe índẹ́ẹ̀sì fún, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí, torí Adesina kì í ṣe ẹyọ kan. Ohun tí akọ̀wé bá tẹ̀ náà, kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ yí i padà bákan náà kó tó wá a. A ṣe é fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí à ń bá tọ́jú ìwé. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ wọn náà ni wọ́n ṣì ń lò, ẹnikẹ́ni kò sì tún sọ̀rọ̀ ríra òmíràn mọ́.

Kí ẹ má wá tìtorí èyí ṣe índẹ́ẹ̀sì fún gbogbo òpó o. Gbogbo orúkọ tuntun tó bá wọlé, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú atọ́ka kọ̀ọ̀kan, ìforúkọsílẹ̀ á sì wá di èyí tó ń falẹ̀.

Àwọn kan ní kí àwa fúnra wa lọ ṣe orúkọ wa ní ọ̀kan. Ní ilé ẹjọ́ wo? Owó ta ni? Àwa kọ́ ni a fa ààlà sáàárín ilé bàbá wa. Ẹ̀yin tí dátábéèsì wà lọ́wọ́ yín, ní Ìfọ̀nyìn, Sakété tàbí Pobè, PostgreSQL àti MySQL ní àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní EXPLAIN, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ ọ́ síwájú ìbéèrè tó ń pẹ́ yín jù, ẹ ó rí i bóyá atọ́ka ni ẹ̀rọ ń lò tàbí ó ń ka gbogbo ìwé. Kí ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ yìí, kí ìdánwò CEP tó dé.